Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sáà bọ́ọ̀lù 2020 tí Kòrónà gé kúrú mọ́ Ohio State lọ́wọ́

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Columbus àti káàkiri ìpínlẹ̀ Ohio mọ̀ pé tó bá ti di ìgbà ìwọ́wé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Ohio State ni gbogbo ìlú máa ń sọ lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kan sáà 2020, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan ní ojúsàájú ló gbé wọn dé àṣekágbá, àwọn kan ní wọ́n jìyà ohun tí wọn ò ṣe. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jọ síbí. Mo fi èrò tèmi kún un níbi tó yẹ, mi ò sì fi bò.

Ẹgbẹ́ wo gan-an ni, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ṣókí?

Ohio State Buckeyes ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio tó wà ní Columbus. Eré mẹ́jọ péré ni wọ́n gbá ní sáà 2020, bẹ́ẹ̀ eré méjìlá ni wọ́n ti tò fún wọn kí àrùn tó dé, láìtíì ka ti ìpele ife ẹ̀yẹ mọ́ ọn. Wọ́n borí nínú méje. Ẹyọ kan tí wọ́n ti fìdí rẹmi ni àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà, níbi tí Alabama ti fi 52 sí 24 fàgbà hàn wọ́n.

Ṣé bọ́ọ̀lù tí à ń gbá nílé náà ni?

Rárá o. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì. Èèyàn mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá. Ẹni tó ń darí ìkọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ń pè ní quarterback. Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ìkángun pápá lọ́dọ̀ àwọn alátakò, àmì mẹ́fà nìyẹn, touchdown lorúkọ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ara ló ń kọlu ara nínú eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, àwọn géńdé tó sanra á ti tò kọjú síra wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èémí ẹnì kan á máa fẹ́ sí ẹnì kejì lójú. Bí dókítà bá ní kí èèyàn jìnnà síra lọ́dún Kòrónà, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́kọ́ dá sáà náà dúró?

Láti oṣù kẹta 2020 ni nǹkan ti bàjẹ́. Ìdíje basketball àwọn yunifásítì tí gbogbo Amẹ́ríkà máa ń wò, wọ́n wọ́gi lé e pátápátá, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé. Ìdánrawò ìgbà ìrúwé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Ohio State ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró lójijì.

Ohio State wà lábẹ́ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Big Ten. Mẹ́wàá ni orúkọ náà túmọ̀ sí, àmọ́ yunifásítì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje, Big Ten kéde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun nìkan ni yóò máa bá ara wọn gbá. Bí eré Ohio State pẹ̀lú Oregon ṣe lọ nìyẹn, eré tí wọ́n ti ń retí tipẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, wọ́n gbé ètò tuntun jáde, eré mẹ́wàá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, wọ́n ní kò sí eré kankan mọ́ lọ́dún náà. Pac-12, àjọ àwọn yunifásítì apá ìwọ̀-oòrùn, náà dá tiwọn dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àjọ kékeré kan tó ń jẹ́ MAC ti ṣáájú wọn ní ọjọ́ 8.

Ọkàn ló ń ba àwọn dókítà lẹ́rù jù. Wọ́n ti rí i pé àrùn náà lè mú kí iṣan ọkàn wú, ìyẹn àìsàn tí wọ́n ń pè ní myocarditis. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ wú, tó wá ń sáré, tó ń gbé irin, tó ń fara gbún èèyàn, ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Lásìkò yẹn, kò sí ẹni tó mọ bó ṣe wọ́pọ̀ tó lára àwọn ọ̀dọ́.

Mo gbà pé ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà. Àwọn gíwá yunifásítì ló jókòó, wọ́n dìbò, wọ́n sì kéde, láìṣàlàyé fún àwọn tí wọ́n dìbò lé lórí. Mọ́kànlá dìbò pé kí wọ́n dá a dúró, mẹ́ta kọ̀: Ohio State, Nebraska àti Iowa. A ò bá má tètè mọ iye yẹn, bí kì í bá ṣe pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Nebraska mẹ́jọ gbé Big Ten lọ sílé ẹjọ́, tí iye ìbò náà fi hàn nínú ìwé tí àjọ náà kó síwájú adájọ́. Ọmọ ogún ọdún ni yóò wọ pápá, òun ni yóò kó àrùn tó bá fẹ́ ràn, òun sì ni kò lága nínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyẹn.

Ta ló wá jà tí wọ́n fi padà?

Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló kọ́kọ́ gbé e. Justin Fields, quarterback Ohio State, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn gbá bọ́ọ̀lù. Láìpẹ́, àwọn tó fọwọ́ sí i ti lé ní 300,000. Àwọn òbí náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn kan lára wọn rìnrìn àjò lọ sí Rosemont nítòsí Chicago, níbi tí ọ́fíìsì Big Ten wà, wọ́n dúró síta, wọ́n ní káwọn aláṣẹ wá ṣàlàyé fáwọn.

Ohun tó tún dá kún ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé àwọn àjọ ńlá mẹ́ta yòókù, SEC, ACC àti Big 12, kò dúró. Láàárín oṣù kẹsàn-án ni àwọn yẹn bọ́ sórí pápá. Ọmọ Ohio State wà nílé, ó ń wo àwọn ojúgbà rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ni àwọn gíwá yí ìpinnu wọn padà, ìbò gbogbo wọn sì ṣọ̀kan lọ́tẹ̀ yìí. Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Irú àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n sì lè fi dá ẹni tó kó àrùn mọ̀ kó tó wọ pápá. Jim Borchers, dókítà àgbà àwọn eléré ìdárayá ní Ohio State, wà lára àwọn tó darí ìgbìmọ̀ oníṣègùn tó to ètò náà.

Ṣé ọ̀rọ̀ òṣèlú kò sí nínú rẹ̀?

Ó wà. Ọdún ìbò ààrẹ ni. Trump fóònù Kevin Warren, ọ̀gá Big Ten, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n sì padà, ó kéde pé iṣẹ́ òun ni. Michigan, Wisconsin, Pennsylvania àti Ohio wà lára ìpínlẹ̀ tí àwọn yunifásítì Big Ten wà, àwọn olóṣèlú sì ń du ìbò ibẹ̀ lójú méjèèjì. Àwọn gíwá sọ pé ìmọ̀ ìṣègùn làwọn tẹ̀ lé. Lójú tèmi, láìsí àyẹ̀wò ojoojúmọ́ yẹn, ariwo kankan ò bá má dá wọn padà.

Báwo ni òfin Kòrónà wọn ṣe rí?

Òfin náà le ju ti gbogbo àjọ yòókù lọ. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti òṣìṣẹ́ tó ń wọ pápá ló ń ṣe àyẹ̀wò lójoojúmọ́. Tí àwọn tó ní àrùn nínú ẹgbẹ́ kan bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí tàwọn tó yí wọn ká náà sì ju 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ méje, ó kéré tán.

Èyí tó ká wọn lápá kò ni ti ẹni tí àyẹ̀wò bá mú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló gbọ́dọ̀ lò kó tó padà sójú ìdíje, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọkàn rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, nínú sáà tí kò ju oṣù méjì lọ. Nígbà tó yá, wọ́n dín in kù sí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ohun mìíràn tún wà: kò sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi nínú ètò tuntun náà. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, eré mẹ́jọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sì jẹ́ ti ife ẹ̀yẹ. Eré tí àrùn bá bà jẹ́, ó bà jẹ́ nìyẹn, kò sáyè láti tún un gbá. Ẹ rántí Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá dúró ní oṣù kẹta tí wọ́n sì padà ní oṣù kẹfà láti parí gbogbo eré tó kù. Big Ten kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, mo gbà pé àṣìṣe tó tóbi jù nìyí. Ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú, ọ̀pọ̀ nínú ìjà tó wáyé lóṣù Kejìlá ni kò ní wáyé.

Àwọn eré wo ni wọ́n wá gbá?

Wọ́n fi 52 sí 17 na Nebraska ní Columbus. Pápá Ohio Stadium tó ń gba èèyàn tó lé ní 100,000 ṣófo, àyàfi àwọn mọ̀lẹ́bí díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lọ bá Penn State nílé, 38 sí 25, ibi tí ariwo òǹwòran máa ń di èèyàn létí tún pa rọ́rọ́. Rutgers tẹ̀ lé e, 49 sí 27. Ó wá kan Maryland ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, àrùn ti wọ àgọ́ Maryland, wọ́n fagi lé e.

Indiana ni eré tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ni. Indiana tí gbogbo ayé ti ń fojú pa rẹ́ látọdúnmọ́dún kò tíì pàdánù eré kankan, wọ́n sì wà ní ipò kẹsàn-án ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohio State ti fi 35 sí 7 síwájú, àwọn tó ń wò ti rò pé ó parí. Ni Michael Penix, quarterback Indiana, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù gígùn sẹ́yìn àwọn olùdáàbòbò Ohio State, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Yáàdì 491 ló jù lọ́jọ́ náà pẹ̀lú touchdown márùn-ún. Fields fúnra rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sọ́wọ́ alátakò. Ohio State bọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú 42 sí 35, àmọ́ ẹni tó bá lójú ti rí ibi tí omi ti ń wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Kòrónà wọ àgọ́ tiwọn náà. Àyẹ̀wò mú Ryan Day, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Àwọn tó ní in sì pọ̀ débi pé Ohio State fúnra rẹ̀ ló fagi lé eré pẹ̀lú Illinois. Nígbà tí wọ́n lọ bá Michigan State ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Day wà nílé, Larry Johnson tó ń kọ́ àwọn tó wà ní ìlà iwájú ìdáàbòbò ló dúró fún un. Wọ́n borí, 52 sí 12. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí mi ò ní gbàgbé. Haskell Garrett, òmìrán kan ní ìlà iwájú, gbá bọ́ọ̀lù mú ní ìkángun pápá àwọn alátakò, ó di touchdown. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ìbọn ti bà á lójú ní Columbus níbi tó ti ń làjà.

Kí ni ọ̀rọ̀ òfin eré mẹ́fà tí wọ́n ń pariwo?

Big Ten ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹgbẹ́ tí kò bá gbá tó eré mẹ́fà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣekágbá àjọ náà. Lẹ́yìn Michigan State, Ohio State ti gbá márùn-ún, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni Michigan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, Michigan ní àrùn ti pọ̀ jù láàárín àwọn, àwọn ò lè wá.

Tí òfin bá dúró, Indiana tó ti borí nínú eré mẹ́fà nínú méje ni yóò lọ gbá àṣekágbá náà ní Indianapolis. Ọjọ́ kejì ni àwọn olùdarí eré ìdárayá yunifásítì mẹ́rìnlá pàdé tí wọ́n fagi lé òfin náà.

Àlàyé wọn kò burú. Ohio State ti na Indiana lójúkojú. Ká tiẹ̀ ní Michigan wá, tó sì na Ohio State, wọ́n á ṣì wà níwájú Indiana. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé owó kò sí nínú rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ohio State nìkan ni ẹgbẹ́ Big Ten tó ṣì lè dé ìpele ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà, gbogbo àjọ ló sì ń pín owó tó bá tibẹ̀ wá. Ká ní Indiana ló gbá eré márùn-ún, tí Ohio State gbá méje, ṣé ẹnikẹ́ni á pe ìpàdé? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún ká mi lára ni pé eré Indiana pẹ̀lú Purdue, ọ̀tá wọn àtọjọ́mọ́jọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fagi lé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù nínú ìtàn wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí wọ́n bá a dé ni Outback Bowl, eré ìparí sáà kan tí kò sí lára ìpele ife ẹ̀yẹ, ẹgbẹ́ Ole Miss sì nà wọ́n níbẹ̀, 26 sí 20.

Kí ló dé tí àìgbá eré Michigan fi dun àwọn ará Ohio tó bẹ́ẹ̀?

Láti 1918 ni Ohio State àti Michigan ti ń pàdé lọ́dọọdún láìdáwọ́ dúró. Lọ́dún 1918 yẹn gan-an, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa èèyàn káàkiri ayé, síbẹ̀ wọ́n gbá a ní Columbus, Michigan borí, 14 sí 0. Ogun Àgbáyé Kejì kò dá a dúró. Kòrónà ló dá a dúró.

Àṣà kan tún wà tó bá a rìn. Láti 1934, ọdún tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Francis Schmidt sọ pé àwọn Michigan náà ń ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tàwọn èèyàn yòókù, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Ohio State tó bá na Michigan ló máa ń gba ṣòkòtò wúrà kékeré kan. Kò ju ohun tí èèyàn lè fi kọ́ ẹ̀gbà ọrùn lọ. Wọ́n máa ń kọ ọdún àti àmì ayò sí i lára, àgbàlagbà tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ogójì ọdún ṣì ń kó tirẹ̀ pa mọ́. Kò sí ti 2020. Àwọn tó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún náà tí wọn ò sì rí Michigan nà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi Columbus sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ta ni Trey Sermon?

Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Ohio State ni, ó ti yunifásítì Oklahoma wá, kì í ṣe gbajúmọ̀ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀. Ní àṣekágbá Big Ten ní Indianapolis, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, Northwestern ni wọ́n bá pàdé. Chris Olave tó máa ń gba bọ́ọ̀lù jù kò sí lórí pápá, Fields fi àtàǹpàkò ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù ṣèṣe, Northwestern sì fi 10 sí 6 síwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Bọ́ọ̀lù jíjù ò ṣe é gbójú lé mọ́. Ni wọ́n bá gbé e fún Sermon.

Wọ́n gbé e fún un ní ìgbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Yáàdì 331 ló fi ẹsẹ̀ sá. Kò sí ẹni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo rí fún Ohio State. Ti Eddie George ló ti wà lókè láti 1995, yáàdì 314. Ohio State borí, 22 sí 10.

Ṣé lóòótọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemson fi wọ́n sípò kọkànlá?

Lóòótọ́ ni. Dabo Swinney wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń dìbò tó ẹgbẹ́ sípò. Ó ní òun ò ní fi ẹgbẹ́ tí kò gbá tó eré mẹ́sàn-án sínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ohio State gbá mẹ́fà, ó fi wọ́n sípò kọkànlá. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́ mẹ́rin fún ife ẹ̀yẹ wá fi Ohio State ṣe ẹ̀kẹta, Clemson ṣe ìkejì. Àwọn méjèèjì yóò pàdé.

Ọdún kan ṣáájú, Clemson ló já wọn kúrò ní ìpele yìí kan náà, 29 sí 23. Gbogbo oṣù tí wọ́n fi wà nílé, eré yẹn kò kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ Ohio State.

Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2021, ní Superdome tó wà ní New Orleans. Ní ìdá kejì nínú ìdá mẹ́rin eré náà, Fields gbé bọ́ọ̀lù sá fúnra rẹ̀. James Skalski, ọmọ Clemson, forí bẹ̀rẹ̀, ó fi òkè akoto rẹ̀ gbún un níhà ọ̀tún. Fields ṣubú, kò lè dìde, ó dì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn rẹfirí wo fídíò, wọ́n lé Skalski jáde. Fields kúrò lórí pápá fún ẹ̀ẹ̀kan péré, ó padà wọlé, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tó gba bọ́ọ̀lù ló jù ú sí Olave, ó di touchdown.

Touchdown mẹ́fà ló jù lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìhà tó ń dùn ún débi pé lẹ́yìn ìjù kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí i tó ká kò. Yáàdì 385. Ohio State fi 49 sí 28 fẹ̀yìn Clemson balẹ̀. Mo ti wo bọ́ọ̀lù yìí pẹ́, mi ò tíì rí ìgboyà tó ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ quarterback.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú Alabama?

Alabama dára jù wọ́n lọ, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Eré méjìlá ni Nick Saban ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ gbá kó tó di ọjọ́ 11 oṣù kìíní, wọn ò pàdánù kankan. Ní Miami Gardens, níwájú òǹwòran tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 15,000, Sermon ṣèṣe níbẹ̀rẹ̀ eré, kò padà mọ́. Méjì lára àwọn tó ń gbá ní ìlà iwájú ìdáàbòbò, Tommy Togiai àti Tyreke Smith, kò sí níbẹ̀. DeVonta Smith ti Alabama gba bọ́ọ̀lù méjìlá, yáàdì 215, touchdown mẹ́ta, kí wọ́n tó lọ sinmi ló sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Mac Jones, quarterback wọn, ju yáàdì 464.

Ṣé eré tó kéré ló ràn wọ́n lọ́wọ́ àbí ló pa wọ́n?

Àwọn tó ń bínú sí wọn ní ara wọn ṣì tutù nígbà tí àwọn yòókù ti rẹ̀. Ó ní ibi tó jóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo iye yáàdì tí wọ́n ju lé wọn lórí: 491 lọ́wọ́ Penix, 464 lọ́wọ́ Jones. Jeff Okudah àti Damon Arnette tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn lọ́dún 2019 ti bọ́ sínú NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ tó rọ́pò wọn kò rí ìdánrawò ìgbà ìrúwé ṣe, wọn ò rí Bowling Green àti Buffalo gbá, irú eré ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ọmọ tuntun fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kì í mọ ibi tó máa dúró sí nípa àlàyé lórí pátákó. Ó ní iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó tó gbọ́n. Alabama ti bá ìṣòro tiwọn jà fún eré méjìlá. Tìtorí náà, tí wọ́n bá bi mí, eré tó kéré ló gbé wọn dé Miami, òun náà ló sì nà wọ́n níbẹ̀.

Texas A&M ńkọ́? Ṣé wọn ò rẹ́ wọn jẹ?

Eré mẹ́sàn-án ni Texas A&M ti gbá, wọ́n borí mẹ́jọ, wọ́n sì fi wọ́n sípò karùn-ún, nígbà tí mẹ́rin péré ń lọ sí ìpele ife ẹ̀yẹ. Ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Àmọ́ Alabama tó nà wọ́n fi 52 sí 24 nà wọ́n, iye kan náà tí wọ́n fi na Ohio State. Ohio State sì na Clemson lójú gbogbo ayé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá kankan wà nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì lọ́dún náà?

Wọ́n wà. Dayo Odeyingbo ń gbá fún Vanderbilt, ìyà tó jẹ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò sì kéré: eré mẹ́sàn-án, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Vanderbilt yìí kan náà ni Kòrónà kó àwọn tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn sí àhámọ́ ìyàsọ́tọ̀, tí wọ́n fi lọ bẹ Sarah Fuller, gólì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin, kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Bó ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó gbá nínú eré àwọn àjọ ńlá márùn-ún nìyẹn. Odeyingbo bọ́ sọ́wọ́ Indianapolis Colts nínú NFL lọ́dún 2021.

Ṣé wọ́n sanwó fún àwọn ọmọ náà fún gbogbo ewu yìí?

Rárá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé àti oúnjẹ ni wọ́n ń rí gbà, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù keje 2021 ni NCAA tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Fields ti lọ nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n fún àwọn ọmọ 2020 ni pé wọn ò ka ọdún náà mọ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó yẹ kó parí lè padà wá gbá ọdún kan sí i.

Níbo ni wọ́n wà lẹ́yìn náà?

Chicago Bears mú Fields ní ipò kọkànlá nínú ìyàn agbábọ́ọ̀lù tuntun NFL 2021, San Francisco 49ers mú Sermon. Olave dúró ọdún kan sí i. Thayer Munford àti Haskell Garrett lo ọdún tí NCAA fi kún un fún wọn. Wọ́n padà wá gbé irin, wọ́n padà wá ṣe ìdánrawò, wọ́n gbá sáà 2021. Lọ́jọ́ 27 oṣù kọkànlá, wọ́n lọ bá Michigan ní Ann Arbor. Yìnyín ń já bọ́. Michigan borí, 42 sí 27, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa na Ohio State láti 2011.